Aṣọ Bàbá Ẹ̀rín

Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ Kòsọnù kì í dúró kí ọkọ̀ kú kí wọ́n tó lọ gbé òkú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ ládùúgbò, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ ọlọ́kọ. Èmi gbà á gbọ́ dé ààbọ̀. Ààbọ̀ tó kù, mo fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, nítorí àwọn tó sọ ọ́ fún mi náà ló sọ pé ìyàwó pásítọ̀ wa ń pa irun rẹ̀ láró, irọ́ gbuu sì ni. Wíìgì ni obìnrin náà ń dé.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, iṣẹ́ méjì ni Kòsọnù ń ṣe. Èkíní, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹrù àwọn oníṣòwò lọ sí àwọn ayé tó wà lẹ́yìn òṣùpá, níbi tí ènìyàn ti ń gbé nísinsìnyí bí ẹni ń gbé ẹ̀yìn odi. Èkejì, bí ọkọ̀ kan bá kú sójú ọ̀run, wọ́n á lọ wọ́ òkú rẹ̀ wálé, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á ta irin rẹ̀ àti ẹrù inú rẹ̀. Òfin ojú ọ̀run kò gùn: ọkọ̀ tí kò bá sí alààyè kankan nínú rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ni ín, tòun tẹrù. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ ẹnì kan bá ṣì ń mí níbẹ̀, ti oníṣòwò ni ẹrù rẹ̀. Lára ògiri iwájú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: OHUN TÓ SỌNÙ LÓKÈ, A Ó BÁ Ọ RÍ I. Wọn kò kọ ẹni tó sọ ọ́ nù síbẹ̀.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń ránṣọ fún wọn. Kì í ṣe aṣọ òde o. Aṣọ òfurufú ni, èyí tó nípọn bí ibùsùn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń wọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ jáde síbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Bí ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ bá wà lára rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ara ẹni ni wọ́n ń rán an mọ́. Wọ́n á wọn ọrùn, wọ́n á wọn orúnkún, wọ́n á wọn ìka ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan tí Ìyá Abẹ́rẹ́ kò mọ ibi tó sanra sí.

Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá tó bí i na ọwọ́ náà, ó fi ata sí i, ó so ó mọ́ ọn lẹ́yìn, ọwọ́ kò gbọ́. Nítorí náà, òwú tí àwọn aránṣọ yòókù bá fi rán aṣọ a máa dà sọ́tùn-ún, tirẹ̀ a máa dà sósì, bí koríko tí atẹ́gùn ti fẹ́ dùbúlẹ̀. Bó bá sì rán aṣọ kan tán, a gbé ọwọ́ lé e láyà, a ní, “Olúwa, bí o ṣe rí i nígbà tó ń jáde, jọ̀ọ́, rí i nígbà tó bá ń wọlé.” Aláròyé, tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, tí kì í dákẹ́ àfi bó bá sùn, a máa sọ pé àdúrà Ìyá Abẹ́rẹ́ gùn ju òwú rẹ̀ lọ.

Opó ni. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti gbéyàwó, wọ́n máa ń pè é bí wọ́n bá rántí pé ẹnì kan ló bí wọn. Àbíkẹ́yìn, obìnrin, ló kù sílé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí orí rẹ̀ le bí òkúta. Oṣù méjì sẹ́yìn ló forúkọ sílẹ̀ láti bá ọkọ̀ ẹrù Kòsọnù lọ. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni ọkọ̀ náà máa gbéra, òun àti àwọn mọ́kànlá mìíràn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù já àpò dúdú kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ.

“Ẹ bá wa bójú tó èyí,” ó ní. “Ẹ yọ nọ́ńbà àyà wọn, ẹ lẹ tuntun mọ́ ọn.”

“Ti yàrá kejì nìyẹn,” ni Aláròyé dáhùn. “Àwa kì í fọwọ́ kan aṣọ òkú ọkọ̀.”

“Ikọ́ ti dá gbogbo yàrá kejì dùbúlẹ̀. Àbí kí n máa gbé e lọ fún ìyàwó mi nílé ni?”

Òótọ́ ni pé aṣọ tó bá ti inú òkú ọkọ̀ wá, yàrá kejì ló ń lọ, lẹ́yìn ọgbà onírin, àwọn tó sì wà níbẹ̀ kì í bá àwọn ti yàrá kìíní jẹun pọ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀ rí. Ibi iṣẹ́ dà bí ilé àna: ènìyàn kì í ṣí gbogbo ìkòkò ibẹ̀ wò.

Páálí pélébé kan wà lára àpò náà. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni: Ọkọ̀ aláìlólúwa. Kò sí alààyè. A rí i ní oṣù kẹta. Oṣù keje la sì wà.

Aṣọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ nọ́ńbà èkíní. Ó fa èkejì jáde, ó sì yí i síta, nítorí inú ni òwú tó di nọ́ńbà mú máa ń wà. Bí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti yí síta, ìrọ̀rí kékeré kan yọ lórúnkún. Òwú tó yí ìrọ̀rí náà ká dà sósì.

Ó fi ìka tẹ òwú náà.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló rán irú ìrọ̀rí yẹn rí láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. Bàbá Ẹ̀rín ló rán an fún, atọ́kọ̀ kan tó ti jábọ́ lórí àkàbà nígbà kan rí, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í fẹ́ ká. “Ìyá Abẹ́rẹ́, ọ̀lẹ ni ẹsẹ̀ yìí o,” ni ọkùnrin náà wí lọ́jọ́ tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. “Ẹ bá mi fi ìrọ̀rí sí i, kó kúkú máa sùn.” Ó sì rẹ́rìn-ín títí téèpù fi bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ọdún tó kọjá nìyẹn. Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀. Wọ́n ní ó wà ní ibùdó kan lọ́nà jíjìn, tó ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń dé etí ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Ó tún fi ìka tẹ òwú náà, ó ń bẹ Olúwa kó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n abiyamọ a máa mọ ẹkún ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. 

“Wo èyí,” ó wí fún Aláròyé.

Aláròyé wò ó. Pé ó rí i kò ní iyè méjì nínú, nítorí odindi ìṣẹ́jú kan kọjá tí kò sọ̀rọ̀.

“Èmi ò rí nǹkan kan,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìsinsìnyí. Bo nǹkan yẹn mọ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Mo ní ọmọ nílé.”

“Èmi náà ní.”

Nígbà tó gbójú sókè, Ọ̀gá Fèrèsé ti dúró lẹ́yìn gíláàsì lókè lọ́hùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè, gíláàsì ló yí i ká, ibẹ̀ ló sì ti ń wo gbogbo wọn bí ẹni ń wo ẹja nínú àwo omi. Kì í kí ènìyàn. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kí i. Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ wà kí i padà, kò sì mọ ìgbà tó gún ara rẹ̀ ní ìka.

Nígbà tí agogo ìsinmi ọ̀sán lù, kò jẹun. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó gba ojú títì kejì lọ sí ilé ìyàwó Bàbá Ẹ̀rín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀ lé e, ìyẹn gan-an ló tún bà á lẹ́rù.

Ìyàwó náà ń lọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Ó dùn mọ́ ọn láti rí àlejò.

“Màmá! Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ má wo ilé yìí o, ìjì ò jà, àwọn ọmọ ni.”

“Ṣé o ń gbúròó ọkọ rẹ?”

“Ọjọ́ Àìkú tó kọjá báyìí ni.” Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn Bàbá Ẹ̀rín sì jáde síta, ó mọ́ gaara. Ó ní ara òun le. Ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ó ní kí ìyàwó òun ọ̀wọ́n bá òun tọ́jú àwọn ọmọ.

Ìyá Abẹ́rẹ́ di etí tábìlì mú. Ohùn rẹ̀ ni. Kò sí àníàní níbẹ̀. Ohùn ẹni tí wọ́n ti bá aṣọ rẹ̀ nínú òkú ọkọ̀ láti oṣù kẹta.

“Ó ti yí padà díẹ̀,” ni ìyàwó náà wí, ó ń na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan. “‘Ìyàwó mi ọ̀wọ́n.’ Ọkùnrin tó jẹ́ pé ‘Onímú Gọngọ’ ló ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti pàdé! Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní bóyá àárò ilé ni.”

“Bóyá ni.”

“Kí lẹ bá wá, Màmá? Àbí nǹkan kan ṣẹlẹ̀?”

 Ìyá Abẹ́rẹ́ wo aṣọ ilé-ìwé mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ńlá, kékeré, kékeré jù. Obìnrin tí kì í parọ́, tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé irọ́ funfun kò sí, dúdú ni gbogbo wọn, òun ló sọ pé, “Rárá o. Mo ní kí n wá kí ọ ni.”

“Ẹ ṣeun, Màmá. Wọ́n ní ọ̀nà ibùdó rẹ̀ ni ọkọ̀ ọmọ yín ń gbà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kó bá mi fi èyí lé e lọ́wọ́.” Ó fa ìbọ̀sẹ̀ onírun kan yọ. Ó fi ọwọ́ hun ún. Èyí tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì ló nípọn jù.

Àbíkẹ́yìn ti ń dúró dè é nínú yàrá ìwọṣọ nígbà tó padà. Ó dúró lórí àpótí, ó ti wọ aṣọ òfurufú rẹ̀ dé ọrùn, ó ń fọwọ́ méjèèjì fì bí ẹyẹ tó sanra. Ọrùn aṣọ náà nìkan ló kù láti dì.

“Màámi, ẹ pẹ́ o.”

Ìyá ti ilẹ̀kùn. Ó sọ fún un. Ó sọ ọ́ pátá, ìrọ̀rí, òwú, páálí, ohùn. Kò gbé ohùn sókè, nítorí ẹ̀rọ agbóhùn, tó ń gbọ́ tó sì ń sọ̀rọ̀, wà ní àjà yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. “Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti forúkọ sílẹ̀, ẹ ti lá àlá mẹ́ta, ẹ rí ìran kan, ẹsẹ̀ sì dùn yín lọ́jọ́ tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Ní báyìí, ó ti kan orúnkún Bàbá Ẹ̀rín.”

“Ẹsẹ̀ dùn mí lóòótọ́.”

“Mo mọ̀, Màámi.”

“Wá fojú rẹ rí i. Ó wà lórí tábìlì mi.”

Wọ́n jáde pọ̀. Kò sí nǹkan kan lórí tábìlì náà. Àpò dúdú ti lọ, aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ, wọ́n tilẹ̀ ti fi omi nu ibi tí wọ́n wà.

“Aláròyé, àwọn ta ló kó o?”

“Kí ni wọ́n kó?” ni Aláròyé wí. Kò gbójú sókè. Ó ń rán ibì kan tó ti rán tẹ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ agbóhùn dún lókè orí wọn: “Ìyá Abẹ́rẹ́, Ọ̀gá fẹ́ rí yín lókè. Ẹ mú ọmọ yín dání.”

 Àwọn tó ń lo máṣíìnì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wo ìyá rẹ̀, ó sì di apá rẹ̀ mú.

Ọ́fíìsì òkè tutù bí inú fíríjì. Láti ọwọ́ ọ̀tún, gíláàsì rẹ̀ dojú kọ yàrá ìránṣọ. Láti ọwọ́ òsì, ó dojú kọ yàrá ìjẹun, níbi tí àwọn mọ́kànlá tó máa bá ọkọ̀ lọ lọ́la ti jókòó, tí wọ́n ń ta káàdì. Aṣọ Bàbá Ẹ̀rín wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì yí síta.

“Ẹ jókòó, Màmá,” ni Ọ̀gá Fèrèsé wí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni tó ń ta oògùn. “Ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo ohun tí ojú aṣọ yìí rí, òwú yín ò já.”

Ìyá jókòó. “Ọ̀gá, ẹni tó wọ̀ ọ́ ńkọ́?”

“Ọkọ̀ aláìlólúwa ni. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.”

“Ohùn rẹ̀ dé lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ẹ̀rọ ló ń bá wa sọ ọ́. Ohùn gbogbo wọn la ní lọ́wọ́.” Ó tẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n bá lórí iṣẹ́ rere. “Àbí ẹ fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa sunkún? Àánú la ṣe, Màmá.”

“Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n.”

“Èmi ò pa ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ ló tán nínú ọkọ̀.” Bí ẹni ń sọ pé ṣúgà tán ló ṣe sọ ọ́.

Àbíkẹ́yìn, tó ti dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú aṣọ ńlá náà, sún mọ́ wọn. “Afẹ́fẹ́ kì í ṣàdédé tán, sà. Àgbá mẹ́ta ló wà fún un. Èmi lẹ kọ́ níṣẹ́ rẹ̀. Àfi kí ẹnì kan ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa láti ìta.”

Ọ̀gá Fèrèsé kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. “Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kò le. A ó yọ orúkọ ọmọ yín kúrò nínú ọkọ̀ ọ̀la. Á máa ṣiṣẹ́ nílẹ̀ níbí, títí ayé rẹ̀, lójú yín. Ohun tí mo fẹ́ ò ju kí ẹ fọwọ́ sí ìwé yìí: pé ẹ wo aṣọ náà, pé òwú rẹ̀ kì í ṣe tiyín.”

 Ọmọ náà wo ìwé, ó wo ọ̀gá, àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi. Bí irọ́ bá ni ọ̀rọ̀ ìyá òun, ta ni ì bá máa fi ẹ̀mí òun san owó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún un?

“Màámi,” ó wí, ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọ ọdún márùn-ún, “ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

N kò ní fi obìnrin yìí ṣe áńgẹ́lì fún yín. Ó mú pẹ́ẹ̀nì. Ọwọ́ òsì ló fi mú un, ó sì gbé e lé orí ìwé. Abiyamọ wo ni kò ní mú un? Ó gbàdúrà, kò sì gbọ́ nǹkan kan, nítorí Ọlọ́run kì í fi gbogbo ìgbà dáni lóhùn bí ènìyàn bá ti mọ ìdáhùn.

“Ọkọ̀ náà ṣì ń lọ lọ́la?” ó béèrè.

“Ẹrù ti wà nínú rẹ̀.”

“Ta ló máa gba ipò ọmọ mi?”

“Ọmọbìnrin kan wà ní yàrá kejì tó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti lọ. Òun ò tilẹ̀ húkọ́.” Ó wo Àbíkẹ́yìn láti òkè délẹ̀. “Gíga wọn dọ́gba. Aṣọ yìí náà á gbà á. Ẹ ó kàn bá wa dín ọrùn rẹ̀ kù díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni, Màmá. Ọwọ́ yín ló mọ́ jù.”

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo ìsàlẹ̀ láti inú gíláàsì. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá náà ti borí nínú eré káàdì, ó ń fi àga jó. Ó mọ ọrùn rẹ̀: ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú àpá kan lẹ́yìn. Ó mọ ọrùn gbogbo wọn.

Ó gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀. Ó dìde.

“Màmá, ẹ jókòó. A ò tíì parí ọ̀rọ̀.”

“Màámi, níbo lẹ ń lọ? Màámi! Èmi ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀! Kí ló kàn yín pẹ̀lú wọn? Àwọn ọmọ tiyín ni?”

“Ẹ gbọ́ mi, Màmá,” ni Ọ̀gá Fèrèsé wí, ó ti dìde, ohùn rẹ̀ kò jẹ́jẹ́ mọ́. “Ẹnikẹ́ni tó bá gba ilẹ̀kùn yẹn kọjá, mi ò ní lè dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ rò pé wọ́n á gbà yín gbọ́? Aránṣọ lásán! Ẹ wo ẹ̀yìn yín, ẹ wo bí ọmọ yín ṣe ń...”

Kò wo ẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé bó bá wò ó, yóò jókòó. Ó ṣí ilẹ̀kùn, kò pa á dé. Àtẹ̀gùn méjìlélógún ló wà níbẹ̀, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé. Ní òkè, àwọn méjèèjì ṣì ń pariwo lé e lórí, lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ara wọn. Nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń ta káàdì. Ó ya sọ́wọ́ òsì, síbi tí ẹ̀rín náà ti ń wá.